Ọgbẹ́ Tí Omi Dá Sí Sójà Lára

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n bàbá kan wà nítòsí ilé wa ní Èrìjìyàn-Èkìtì tí kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bàbá Sójà ni gbogbo ọmọdé ń pè é, nítorí pé ó bá wọn lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Kì í mu omi tí wọn ò bá sè. Bí òùngbẹ fẹ́ pa á lóko, yóò fara dà á títí tí yóò fi délé. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwà òyìnbó ló kó bọ̀, ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ lóru kì í rẹ́rìn-ín. Inú rírun ni. Ó ní omi odò tí àwọn bù mu nínú igbó Bọ́mà ló fà á.

Mo rò pé àsọdùn ni, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ogun náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì, 81 àti 82. Ẹgbẹ́ 81 ló kọ́kọ́ wọ àfonífojì odò Kaladan ní 1944. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Ọ̀gágun Slim, tó ṣe olórí gbogbo wọn ní Bọ́mà, kọ ọ́ sínú ìwé pé ní 1943, bí ọgbẹ́ bá gbé ẹnì kan kúrò lójú ogun, àìsàn á gbé 120. Ibà ló ṣáájú, ìgbẹ́ ọ̀rìn náà kò gbẹ́yìn, omi àti oúnjẹ tó lẹ́gbin ló sì ń fa ìyẹn. Bàbá Sójà kò purọ́.

Ẹni tí ọta ìbọn bà kò ṣòroó mọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ọta ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní Kaladan ní oṣù kẹta 1944, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì fi pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, tiro bọ̀ wálé ni. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí ẹ̀rí. Ẹni tí omi pa lára wá ńkọ́? Owó díẹ̀ ni wọ́n fi dá ọ̀pọ̀ wọn padà sílé. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1948, àwọn àjagunfẹ̀yìntì tó ń lọ fẹ̀dùn ọkàn wọn han gómìnà ni wọ́n yìnbọn sí, mẹ́ta kú. Ti Bàbá Sójà kò tó bẹ́ẹ̀. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan, láti béèrè owó gbà-má-bínú. Èsì tó dé ni pé kó mú ìwé dókítà wá, èyí tí yóò fi hàn pé Bọ́mà ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú igbó! Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún!

Ní ilẹ̀ wa, sòbìà ni àrùn omi tí mo mọ̀ tó ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ mu omi adágún lónìí, ní ìwọ̀n ọdún kan kòkòrò yóò yọrí lẹ́sẹ̀ yín bí òwú funfun. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ọ̀gágun Gowon, sójà bíi Bàbá Sójà, wà lára àwọn tó gbógun tì í; 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ yà díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: àrùn omi yòókù kì í yọrí síta kí á fọwọ́ tọ́ka sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn sójà Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní ibùdó Camp Lejeune ní North Carolina, láti 1953 títí di 1987, kẹ́míkà wà nínú omi ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ogun Marine àti ìyàwó àti ọmọ wọn ń mu: èyí tí wọ́n fi ń fọ gírísì lára irin, èyí tí ilé dráì-kílínà kan nítòsí ń dà nù, àti epo mọ́tò tó jò sínú ilẹ̀. Ẹ bu omi náà sínú ife, ó mọ́ gaara. Àyẹ̀wò ti ń ta wọ́n lólobó láti 1980, ṣùgbọ́n ó di 1984 sí 1985 kí wọ́n tó ti àwọn kànga tó burú jù. Ní 1985 yẹn náà ni Janey, ọmọ Sájẹ́ńtì Jerry Ensminger, kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ṣe é. Ó di 1997 kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́ nípa omi náà, lórí tẹlifíṣọ̀n, lálẹ́ ọjọ́ kan tó fẹ́ jẹun. Kò sì jẹ́ kí ìjọba sinmi mọ́.

Òfin 2012 fún wọn ní ìtọ́jú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 2017: sójà tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tó sì ní ọ̀kan nínú àìsàn mẹ́jọ tí wọ́n dárúkọ, kò ní láti wá ẹ̀rí kiri mọ́, ìjọba gbà pé omi náà ló fà á. Òfin 2022 ní kí wọ́n máa gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ fún owó gbà-má-bínú, àwọn tó sì fìwé sílẹ̀ kí àsìkò tó pé ní oṣù kẹjọ 2024 lé ní 400,000. Owó náà kò tètè jáde, ọ̀pọ̀ sì kú sẹ́nu ìdúró.

Bàbá Sójà ti lọ tipẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ fi ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun hàn mí. Wọ́n kọ gíga rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n kọ ìlà ojú rẹ̀, wọ́n ní ìwà rẹ̀ dára. Mo yí i padà wo ẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.