Kí ló ń pa táyà tuntun? Ohun tó yẹ kí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù yẹ̀ wò kó tó lé awakọ̀ rẹ̀ dànù

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe ọjà kékeré. Ẹni tó bá ra táyà tuntun sẹ́sẹ̀ tírélà rẹ̀ n'Ìbàdàn, owó gidi ló ná, ìrètí rẹ̀ sì ni pé wọn yóò tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀kan lè ti bẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí èkejì sì ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ọjà Bódìjà. Ẹlòmíràn a ní awakọ̀ òun ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ẹlòmíràn a ní ayé ló ń bá òun jà. Bẹ́ẹ̀, táyà tó bẹ́ sábà máa ń fi àmì ohun tó pa á sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ àmì náà kà ni kò ní í ṣi ẹjọ́ dá.

Ooru ni olórí ọ̀tá táyà, àìtó atẹ́gùn àti àpọ̀jù ẹrù ló sì sábà máa ń fà á. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó yóò máa tẹ̀, yóò sì máa nà bó ṣe ń yí. Èyí ni yóò mú inú rẹ̀ gbóná títí tí rọ́bà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára wáyà. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń gba nǹkan bí 30 sí 35 lórí géèjì. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá máa ń tó 100 sí 120. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni fífi igi lu táyà kò tó. Láti Ring Road dé Challenge, fọganáísà kò wọ́n lẹ́bàá títì. Àárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wò ó, nítorí atẹ́gùn máa ń ròkè bí táyà bá ti sáré.

Ẹ̀yìn tírélà, níbi tí táyà ti jẹ́ méjì-méjì, ló tún gba àkíyèsí jù. Bí atẹ́gùn ọ̀kan bá lọ, èkejì ni yóò dá gbé ẹrù àwọn méjèèjì, awakọ̀ sì lè má mọ̀. Ìwọ̀n ẹrù tí táyà lè gbé wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń di àpò ẹ̀wà lé ọkọ̀ l'Òkè Ọya kì í sábà wò ó.

Ẹ̀bi sì tún lè wà lára ọjà. Ní 2007 ni Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa. Dunlop n'Ìkẹjà náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà wa ti ń wá. Léraléra ni àjọ SON, tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, ti ń kìlọ̀ nípa àwọn tó ń ki táyà kan bọ inú òmíràn kí kọ̀ǹténà lè gbà sí i. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wáyà etí táyà, èyí tó ń di rímù mú, yóò tẹ̀, okùn inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Táyà náà ń dán, ṣùgbọ́n ó ti gbọgbẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tí a kò tí ì lò sì lè ti gbó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 2321 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Àjọ FRSC, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kì í fẹ́ kí á lo èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ wá nìyí. Bí etí méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, atẹ́gùn kò tó. Bí àárín bá jẹ jù, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá jẹ, ẹ lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ níbì kan tí kò jẹ níbòmíràn, kí mẹkáníìkì wo ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú bí oówo, okùn inú rẹ̀ ti já, bóyá nínú kòtò. Bó bá ń sán wẹ́wẹ́, ó ti gbó.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ni ibi tí táyà ti ń bẹ́. Bó bá jẹ́ ojú ẹsẹ̀ kan náà ni táyà ti ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ àwọn tí ẹ jọ rà lọ́jọ́ kan náà ló ń bẹ́ káàkiri, tí atẹ́gùn àti ẹrù sì wà ní ìwọ̀n, ẹ fura sí ọjà. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ibi tí ẹ so ó mọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti owó lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 2016, táyà ọkọ̀ tó gbé mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, James Ocholi, bẹ́ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọkùnrin ló bá a lọ. Bí táyà yín bá bẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ju àfọ́kù rẹ̀ nù kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ohun tó pa àkọ́kọ́ náà ni yóò pa èyí tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀.