Orí Ọ̀rá Nìkan Kọ́: Bí FFA1 Ṣe Ń Dá Àsìdì Ọ̀rá Mọ̀

Èrò kan ń jẹyọ lemọ́lemọ́ láàrin àwa tí a ń kọ̀wé lórí rìsẹ́pítọ̀ ọ̀rá, ojúgbà mi kan sì tún fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ láìpẹ́: pé orí àsìdì ọ̀rá, ibi tí iná òdì wà, ni rìsẹ́pítọ̀ FFA1 fi ń dá a mọ̀, ìrù kàn ń wọ́ tẹ̀lé e ni, àti pé irú ọ̀rá tó bá wọlé ló ń yan púrótíìnì G tó máa dáhùn. N kò gba ìkíní, n kò sì gba ìkejì.

Òǹkàwé ìwé yìí mọ rìsẹ́pítọ̀ olópòó méje, n kò ní tún un rò. Láti 2003 la ti mọ̀ pé àsìdì ọ̀rá onírù gígùn ń ta FFA1 jí lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, àti pé Gq ló sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Arginine méjì, 183 àti 258, ló ń di orí ọ̀rá mú. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n FFA2 àti FFA3, tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà, ní arginine lójú ibi kan náà, síbẹ̀ acetate oníkábọ́ọ̀nù méjì àti propionate oníkábọ́ọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n ń dá lóhùn. Bí orí bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ohun tó dì í mú jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló kù tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí kì í bá ṣe ìrù?

Ojú ọ̀nà àti ibi ìjókòó ni ojúgbà mi dà pọ̀. Adrenaline ń yòrò nínú omi, òkè ló sì ti ń bọ́ sínú rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀. Ti ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé oleic acid kan láti inú òróró ẹ̀pà tí wọ́n fi se ọbẹ̀ ní Dalori, ní Borno, lójú ọ̀nà Bama. Inú ìfun ni wọ́n ti gé e kúrò lára glycerol. Ògiri ìfun tún un so, ó dì í sínú chylomicron, chylomicron sì gbé e dé inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún gé e sílẹ̀ níbẹ̀, albumin gbé e. Bó bá kúrò lọ́wọ́ albumin, inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń rì sí: orí rẹ̀ kọjú sí omi, ìrù rẹ̀ wà láàrin ọ̀rá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa yọ́ wọ FFA1. Àwòrán FFA1 ti 2014, èyí tó gbé oògùn TAK-875 sínú, fi hàn bẹ́ẹ̀: òrùlé bo ihò náà lókè, ìdí oògùn sì yọ síta láàrin òpó kẹta àti ìkẹrin, sínú awọ. S1P1, rìsẹ́pítọ̀ ọ̀rá S1P, nínú àwòrán 2012, náà ní ìdérí. Àárín òpó kìíní àti ìkeje ló ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o: LPA1, rìsẹ́pítọ̀ ọ̀rá mìíràn, nínú àwòrán 2015, ṣí sí omi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ti FFA1, ìrù ló mú ọ̀rá dé ẹnu ọ̀nà, arginine kò sì lè di ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mú.

Ti púrótíìnì G kò pẹ́ sọ. S1P kan ṣoṣo ni S1P1 gbà tó fi pe Gi nìkan; òun náà ni S1P3 gbà tó fi pe Gi, Gq àti G12/13. Ọ̀rá kò yí padà; rìsẹ́pítọ̀ ló yí padà. Ojúgbà mi lè fa AP8 yọ, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí FFA1 pe Gs kún Gq. Àwòrán 2017 ti fèsì: ẹ̀yìn òpó ni AP8 jókòó sí, nítòsí ìtẹ̀kọ́ kejì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń to ìtẹ̀kọ́ náà. Ibi ìjókòó ni ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán tuntun lè tún èyí ṣe. N kò rò pé yóò tún un ṣe púpọ̀.

Albumin, tó ń gbé ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń fà mí lọ báyìí. Ọmọ tí àìtó oúnjẹ bá mú kí ara rẹ̀ wú, albumin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀, àìtó oúnjẹ sì ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ ní Borno láti ìgbà tí ogun ti lé àwọn ará Bama wá sí àgọ́ Dalori. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ṣúgà àti òróró ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn, kálórì 500 nínú àpò gíráàmù 92. Bí albumin bá dín, ọ̀rá tó dá wà lè pọ̀ sí i: kí ni FFA1 ọmọ náà ń gbọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ìtọ́jú? Ẹ̀jẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ìtọ́jú la nílò, kí a wọn albumin àti àsìdì ọ̀rá àdáwà pọ̀, kí a sì da omi ẹ̀jẹ̀ náà sórí sẹ́ẹ̀lì tó ní FFA1 lára.