Ọmọ Ẹrú San Fratello

Bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ sí erékùṣù Sísílì, Palermo àti òkè Etna tó ń yọná ni wọ́n á kọ́kọ́ júwe fún un. Ẹ jẹ́ ká yà sí San Fratello, ìlú kékeré kan lórí àwọn òkè Nebrodi. Àwọn àtìpó láti àríwá Ítálì ló wá tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àwọn ọba Norman, èdè wọn ò sì tíì parẹ́ níbẹ̀ dòní.

Ìlú yìí ni wọ́n bí Benedetto sí ní nǹkan bí ọdún 1524. Ẹrú tí ìran wọn ti Áfíríkà wá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n olówó wọn ti ṣèlérí pé àkọ́bí wọn yóò gba òmìnira. Benedetto da ẹran, kò kàwé rárá, wọ́n sì ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ó wọ ilé àwọn ọmọlẹ́yìn Fransisi ní Palermo, iṣẹ́ kúkù ni wọ́n fún un. Ní 1578, wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà. Nígbà tí sáà rẹ̀ pé, ó padà sídìí ààrò rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní lọ́jọ́ ọdún kan, àdúrà gbé e lọ, iná ò sì tíì wà lábẹ́ ìkòkò. Ni àwọn áńgẹ́lì bá bá a se oúnjẹ, kò sì sí àlejò tí kò jẹun.

Ó kú ní 1589. Ó di 1807 kí Róòmù tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Bràsíìlì ò dúró dè wọ́n o! Kó tó dìgbà yẹn, ẹrú àti ẹni òmìnira ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ São Benedito, tí wọ́n fi ń dáwó jọ, tí wọ́n fi ń sìnkú ara wọn bó ṣe yẹ. Títí dòní, àwọn kan níbẹ̀ ń gbé ère rẹ̀ sí ilé ìdáná, wọ́n á bu kọfí síwájú rẹ̀ kí oúnjẹ má bàa wọ́n wọn nílé.

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tó ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ayé ń wò báyẹn ni àwọn baba wa ní Bràsíìlì rí, tí wọ́n fi ṣe àgbà ara wọn.