Ọ̀rọ̀ Púpọ̀ Kò Kún Agbọ̀n: Ẹ̀kọ́ fún Agbẹnusọ Orí Rédíò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní í mú wá." Apá kìíní òwe yìí ń bu ẹnu àtẹ́ lu àsọjù; apá kejì ń tọ́ka síbi tí àsọjù ń já sí. Ẹni tó bá ń kọ́ agbẹnusọ bí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè lórí rédíò, kó di méjèèjì mú.

Olùgbọ́ rédíò kò rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì lè ní kó tún un sọ. Awakọ̀ ń gbọ́ ọ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ìyá olóúnjẹ ń gbọ́ ọ nídìí ààrò, ẹlòmíì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tirẹ̀ nígbà tí ètò ti dé ìdajì. Ìdí nìyí tí kókó mẹ́ta fi tó agbẹnusọ mú dání. Kó fi èyí tó wúwo jù ṣáájú, kó sì tún un sọ kí ètò tó parí. Dókítà tó bá kọ́kọ́ ń ṣàlàyé bí kòkòrò àrùn ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àkókò lè tán kó tó kan "ẹ máa fọwọ́."

Apá kejì òwe náà ló le jù. Atọ́kùn ètò tó mọṣẹ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn ìdáhùn. Ara agbẹnusọ tí kò gba ẹ̀kọ́ kì í gba ìdákẹ́ yẹn. Yóò máa wá ọ̀rọ̀ kún un, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ohun tí kò dá a lójú. Ohun tí kò dájú sì máa ń tètè tàn kálẹ̀: ẹ rántí ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó. Àhesọ gbòde pé kí aráyé fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Àwọn tí àhesọ yẹn dé etí wọn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Irú àhesọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ àlàyé gígùn: "Omi iyọ̀ kì í wo Ebola, ẹ má mu ún" ti tó. Èyí tí agbẹnusọ kò bá sì mọ̀, kó ní, "À ń wádìí rẹ̀ lọ́wọ́." Bó bá méfò, àhesọ tuntun ló dá sílẹ̀.

Ìdánrawò ló ń mú èyí mọ́ni lára. Kí ẹnìkan ṣe atọ́kùn, kó béèrè ìbéèrè tó ta kókó; kí ẹlòmíì ṣe olùgbọ́ tó fi ìbínú pe ètò náà lórí fóònù, kí agbẹnusọ sì kọ́ láti kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó dáhùn ìbéèrè, kó fi èébú sílẹ̀. Kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rárá gbọ́ ọ. Bí onítọ̀hún kò bá lè ka kókó mẹ́ta náà, kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ má rán ẹni tí ẹ kò kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bó bá ṣìsọ, ẹ̀yin lẹ rán an.