Ìsopọ̀ tẹ́míná VT100 lórí wáyà nẹ́tíwọ̀kì

Ìsopọ̀ tẹ́míná VT100 lórí wáyà nẹ́tíwọ̀kì jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń lo okùn oníwáyà mẹ́jọ, tí wọ́n tẹ́ sínú ilé fún Ethernet, láti so tẹ́míná àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà. Okùn náà nìkan ni a yá lò. Àmì tó ń gba inú rẹ̀ kì í ṣe ti Ethernet, kò sì gbọdọ̀ dé inú switch.

Ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation (DEC) ti Amẹ́ríkà ló gbé VT100 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1978. Lẹ́tà tí òǹlò bá tẹ̀ ni tẹ́míná yìí ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá dá padà ni ó ń gbé sójú. Ìlànà RS-232 ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láti ihò onẹ́sẹ̀ 25 tó wà lẹ́yìn tẹ́míná. Nínú ẹsẹ̀ wọ̀nyí, mẹ́ta péré ló pọn dandan: ẹsẹ̀ 2 fún àmì àlọ, ẹsẹ̀ 3 fún àmì àbọ̀, ẹsẹ̀ 7 fún wáyà ilẹ̀ tí méjèèjì jọ ń lò. Bí ihò kọ̀ǹpútà bá tò bíi ti tẹ́míná, ẹsẹ̀ 2 ti ìhín ni yóò lọ sí ẹsẹ̀ 3 ti ọ̀hún, kí ẹsẹ̀ 3 náà sì lọ sí 2.

Bí lẹ́tà bá ń wọlé jù bí tẹ́míná ti lè gbé e sójú lọ, yóò fi àmì XOFF dá kọ̀ǹpútà dúró, yóò sì fi XON ní kí ó máa bọ̀. Àárín àwọn lẹ́tà ni àmì méjèèjì ń gbà. Wọn kò nílò wáyà tiwọn.

Títo wáyà

Wáyà mẹ́jọ inú okùn Category 5 wà ní lílọ́ pọ̀ méjì-méjì, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́. Nínú ìtò T568A àti T568B, wáyà ẹsẹ̀ 3 àti 6 ti RJ45 ni a lọ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti 4 àti 5. Ìtò Dave Yost gbajúmọ̀ nítorí pé irú okùn kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo ẹ̀rọ lò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 3 àti 6 ni ó fi àmì àlọ àti àmì àbọ̀ sí. Nínú okùn gígùn, ọ̀kan a máa ta sí èkejì. Ìtò EIA-561 sàn jù níbi èyí: wáyà ilẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ 4, àmì àbọ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ 5.

Gígùn okùn

RS-232-C ti ọdún 1969 dá okùn mọ sí nǹkan bíi mítà 15. Àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀lé e kò ka mítà mọ́. Ìwọ̀n iná tí okùn lè gbà pamọ́ sára ni wọ́n ń kà, wọ́n sì fi í mọ sí pikofáràdì 2,500. Mítà kan okùn Category 5 ń gbà tó 50, nítorí náà okùn náà lè gùn tó bíi mítà 50. Fún ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ RS-232 di RS-422 ló yẹ, nítorí pé fólítì ilẹ̀ wọn lè yàtọ̀ síra. RS-422 lè dé nǹkan bíi mítà 1,200.

Ewu

Ihò RJ45 kò fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi iná bíi fólítì 48 gba inú okùn Ethernet, bẹ́ẹ̀ fólítì 25 ni òpin ohun tí agbàmì RS-232 ní láti lè fara dà. Switch tó tẹ̀lé ìlànà IEEE 802.3af máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fi iná ránṣẹ́. Àwọn apínná olówó pọ́ọ́kú mìíràn kì í bèèrè. Lórí tẹ́míná VT320, DEC lo ihò MMJ, tí wọ́n sún ìkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹnu wáyà tẹlifóònù má baà wọ inú rẹ̀. RJ45 kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń kọ orúkọ sára ihò tẹ́míná, nínú yàrá àti níbi tí gbogbo okùn ilé ti pàdé.