Ètò Ẹ́dítì Fídíò fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bọ́ Sórí Linux

Ètò ẹ́dítì fídíò ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé fídíò, tí a fi ń to àwọn ègé rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, tí a sì fi ń kó ohùn, orin àti àkọlé sí i. Ẹni tó bá kúrò lórí Windows tàbí macOS bọ́ sórí Linux sábà máa ń ní láti yan tuntun. Orí ẹ̀rọ Apple nìkan ni iMovie ti ń ṣiṣẹ́ láti 1999 tó ti jáde. Adobe kò sì ṣe Premiere Pro fún Linux. Ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ ṣe pàtàkì nígbà tí Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè, bẹ́ẹ̀ Linux ń ṣiṣẹ́ lórí wọn.

Àwọn ètò tó wà

Mẹ́ta ló yẹ olùbẹ̀rẹ̀ jù. OpenShot, tí Jonathan Thomas bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ló rọrùn jù láti mọ̀ lò. Kdenlive, tí Jason Wood bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tó sì wà lábẹ́ KDE báyìí, gba kí a fara balẹ̀ kọ́ ọ. Àmọ́ bí iṣẹ́ ẹni bá ń fẹ̀ sí i, kò ní pọn dandan láti wá òmíràn. Shotcut wà láàárín méjèèjì. Dan Dennedy tó ń ṣe é wà lára àwọn tó kọ MLT, ìpìlẹ̀ ẹ́dítì fídíò tí Kdenlive náà dúró lé. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux.

DaVinci Resolve, ti Blackmagic Design ní Ọsirélíà, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó lágbára gan-an lórí àwọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ káàdì graphics tó lágbára, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ lórí Linux kì í sì í ka H.264, irú fídíò tí ọ̀pọ̀ fóònù ń yà. Kò yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ fi í bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká wò

Agbára ẹ̀rọ ló ṣáájú. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lọ́ra, Kdenlive àti Shotcut lè ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Fídíò gidi ni wọ́n ń lò nígbà tí a bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Fídíò fóònù tún máa ń ní iye àwòrán tó ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí òmíràn, èyí tó lè mú kí ohùn àti ẹnu má bára mu. Àwọn ètò méjèèjì lè yí irú fídíò bẹ́ẹ̀ padà kí a tó gé e.

Kíkó iṣẹ́ àtijọ́ bọ̀

Fáìlì iṣẹ́ kò sábà ní fídíò nínú. Ibi tí fídíò wà àti ibi tí a ti gé e ló ń tọ́jú, ní ọ̀nà tí ètò tó ṣe é mọ̀. Nítorí náà, kí a parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, kí a gbé e jáde ní dídára jù lọ, kí a sì da gbogbo fídíò, orin àti fọ́ǹtì rẹ̀ kọ sí ibòmíràn.

Ọ̀nà tó dára jù ni láti fi ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí sórí Windows tàbí macOS kí a tó ṣí kúrò. Fáìlì Kdenlive tí a ṣe níbẹ̀ yóò ṣí lórí Linux. Bí kò bá rí fídíò kan, a óò kàn fi àyè tuntun rẹ̀ hàn án. Nígbà náà, Linux nìkan ni yóò jẹ́ tuntun sí ẹni náà. Iṣẹ́ fídíò yóò ti mọ́ ọn lọ́wọ́.