Ìlọ́po asẹ́ aláwọ̀

Ìlọ́po asẹ́ ni nọ́ńbà tí ayàwòrán fi ń mọ iye ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ ìmọ́lẹ̀ tí ń dé ara fíìmù di púpọ̀, nígbà tí ó bá fi asẹ́, ìyẹn gíláàsì aláwọ̀, bo ojú lẹ́ńsì kámẹ́rà. Asẹ́ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá àwọ̀ rẹ̀ mu kọjá, ó sì máa ń dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yòókù dúró. Bí ayàwòrán kò bá ṣe àtúnṣe, nẹ́gẹ́tíìfù yóò fẹ́lẹ́, ohun tí ó wà lábẹ́ òjìji kò sì ní hàn nínú àwòrán.

Ìṣirò

Ìlọ́po 2 túmọ̀ sí àfikún ìpele ìmọ́lẹ̀ 1, nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìlọ́po 4 jẹ́ ìpele 2, ìlọ́po 8 sì jẹ́ ìpele 3. Nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, asẹ́ aláwọ̀ ìyeyè Wratten 8 ní ìlọ́po 2, asẹ́ pupa Wratten 25 sì ní ìlọ́po 8. Bí àwòrán kan bá gba 1/250 ìṣẹ́jú àáyá ní f/8 láìsí asẹ́, yóò gba 1/30 ní f/8, tàbí 1/250 ní f/2.8, pẹ̀lú asẹ́ pupa yìí. Bí a bá lo asẹ́ méjì pọ̀, ńṣe ni a ó sọ ìlọ́po wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn. A kì í rò wọ́n pọ̀.

Irú ìmọ́lẹ̀ àti irú fíìmù

Ìlọ́po asẹ́ kan kì í dúró sójú kan. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù onílẹ́kítíríìkì àtijọ́ ní pupa púpọ̀, nítorí náà ìlọ́po Wratten 25 máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 5 lábẹ́ rẹ̀. Fíìmù tí kò mọ àwọ̀ pupa kò wúlò pẹ̀lú asẹ́ pupa rárá.

Kámẹ́rà tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ láti inú lẹ́ńsì máa ń ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ ìwọ̀n náà ṣe ń rí àwọ̀ lè yàtọ̀ sí bí fíìmù ṣe ń rí i, pàápàá pẹ̀lú asẹ́ pupa tí ó ki. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi asẹ́ sí i, wọn a sì wá fi ìlọ́po ṣe ìṣirò.

Àpẹẹrẹ nínú ìtàn

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1927, Ansel Adams ya àwòrán àpáta Half Dome ní Yosemite, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwo gíláàsì 2 péré ṣẹ́ kù fún un, ó fi asẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ya àkọ́kọ́. Ó wá rí i pé ojú ọ̀run kò ní dúdú tó bí ó ti fẹ́. Ó fi asẹ́ pupa Wratten 29, tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 16, rọ́pò rẹ̀, ó sì ṣí lẹ́ńsì fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ní f/22. Àwo ìkẹyìn yìí ni ó di àwòrán tí a mọ̀ sí Monolith, the Face of Half Dome.